Ọgbà Ẹ̀hìnkùlé àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Aboyún
(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan sọ níwájú ẹgbẹ́ wa ní Òdòdé, Ìdànrè)

Nígbà tí akọ̀wé wa mú ìwé ìpè wá fún mi, ó wí pé àwọn kan ń ṣiyèméjì bóyá ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ àti iṣẹ́ ọwọ́ aboyún kò kéré jù fún àwùjọ àwọn olóyè. Mo dá a lóhùn pé n kò tíì rí olóyè kan tí a kò bí. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń sọ̀rọ̀ adé, ìlù àti oríkì ní oṣooṣù, tí kò sì béèrè ohun tí ìyá ọmọ ń jẹ àti ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe kí ọmọ náà tó dé, ìdajì àṣà ni ó gbé lọ́wọ́.

Bí a bá pàdé aboyún ní ojú ọ̀nà, a máa ń kí i pé, “Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o.” Àwa ọmọ Ìdànrè yẹ kí a mọ ìtumọ̀ ìkíni yìí ju ẹlòmíràn lọ. Orí òkè ni àwọn baba wa gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá tẹ Òdòdé dó, ààfin àtijọ́ sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ní ọdún 2007 ni a kọ orúkọ òkè náà sínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà ń fẹ́ kí UNESCO gbà gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Ẹni tí ó bá ti gun àtẹ̀gùn 667 tí ó lọ sí orí rẹ̀ mọ̀ pé nígbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀ ni orúnkún ń gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti aboyún: oṣù mẹ́sàn-án ni ó fi ń gun òkè, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó fi ń sọ̀kalẹ̀, ọjọ́ náà ni ewu sì pọ̀ jù. Nàìjíríà wà lára àwọn ilẹ̀ tí ìyá ń kú jù lọ ní orí ìkúnlẹ̀ nínú gbogbo ayé. Nítorí náà ìkíni nìkan kò tó.

Àwọn ìyá wa àtijọ́ ní ohun méjì tí wọ́n fi ń dúró de ọmọ. Èkínní ni ilẹ̀ kékeré ẹ̀hìnkùlé, níbi tí ewúro, ata, ilá àti tẹ̀tẹ̀ kì í ti í wọ́n. Èkejì ni iṣẹ́ ọwọ́ tí a lè ṣe ní ìjókòó: òwú rírán, aṣọ híhun, ẹní híhun, ìṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa yìí, láti Èkìtì dé Ọ̀wọ̀ àti Oǹdó, àwọn obìnrin ni ó ni òfì tí a gbé dúró ti ògiri, tí aṣọ rẹ̀ sì fẹ̀ ju ti òfì àwọn ọkùnrin lọ, nítorí aṣọ tiwọn kì í ju bí àtẹ́lẹwọ́ lọ ní fífẹ̀. Orí òfì àwọn obìnrin ni kíjìpá ti ń jáde, aṣọ òwú tí ó nípọn tí kì í tètè gbó. Bí oyún bá ti ń pé oṣù mélòó kan, tí oko jíjìn kò rọrùn mọ́, ìdí òfì ni obìnrin ń jókòó sí, ọ̀já ọmọ a sì wà lára ohun tí ó ń tibẹ̀ wá.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, mo béèrè lọ́wọ́ kíláàsì kan, tí obìnrin pọ̀ jù nínú rẹ̀, pé ta ni ó lè mú etí ọ̀já kan ṣẹ́ kí ó sì rán an dáradára. Ọwọ́ mẹ́ta ni ó gòkè. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọwọ́ ọkùnrin, ọmọ aránṣọ. Mo tún béèrè ẹni tí ó lè fi ojú ya ewé wòròwó sọ́tọ̀ kúrò lára ewé mìíràn. Àwọn ọmọ Ìdànrè mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó wí pé oko kòkó ni wọ́n ti ń já a. Ìdáhùn kejì yìí ni ó bà mí lẹ́rù ju ti àkọ́kọ́ lọ, òun gan-an ni ó sì mú mi wá síwájú yín.

Kòkó ni ó kọ́ púpọ̀ nínú ilé wa tí ó sì rán ọ̀pọ̀ ọmọ wa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo wá sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní àìdára. Wòròwó sì jẹ́ ewé tí ó fẹ́ràn abẹ́ kòkó. Ó ń fà ní ilẹ̀, ewé rẹ̀ nípọn, ó ń yọ̀, kò sì fẹ́ràn oòrùn púpọ̀; ìbòòji igi ni ibùgbé rẹ̀. Láti ìgbà ìyá wa ni obìnrin ti ń lọ sí oko kòkó ọkọ rẹ̀ tí ó sì ń bọ̀ pẹ̀lú igbá wòròwó àti ẹ̀bòlò ní orí, tí a sì ń fi ọbẹ̀ rẹ̀ jẹ iyán ní alẹ́. Oúnjẹ aboyún tí ó dára ni.

Ṣùgbọ́n oko náà kò rí bí ó ti rí mọ́. Láti nǹkan bí ọdún 1950 síwájú ni a ti ń fín kòkó nítorí kòkòrò tí ń fa omi ọ̀dọ́ igi àti èso, àti nítorí àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú nígbà òjò. Ẹ̀yin àgbà rántí Gammalin. Agbára rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn burúkú fi ń dà á sínú odò láti fi pa ẹja. Lindane ni orúkọ májèlé tí ó wà nínú rẹ̀. Kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀, inú ọ̀rá ara ènìyàn ni ó ń sá pamọ́ sí, ó sì ń bá omi ọmú jáde sí ẹnu ọmọ. Ní ọdún 2009 àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí àdéhùn Stockholm kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn májèlé tí ó yẹ kí a mú kúrò nínú ayé. Ilé ìwádìí kòkó tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, tí ó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn, a sì máa kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní oògùn tí ó tọ́ láti lò.

Ẹnìkan lè wí pé, “Olùkọ́, oògùn tí ìjọba fọwọ́ sí ni èmi ń fín.” Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a fọwọ́ sí i fún kòkó tí a ó là, tí a ó sá, tí a ó sì kó lọ sí òkè òkun. Kò sí oògùn kòkó kan tí a ṣe fún ọbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá gbé ẹ̀rọ kọ́ èjìká tí ẹ sì ń fín in sí òkè, ibo ni èyí tí kò dúró lára igi ń balẹ̀ sí? Orí wòròwó ni. Ní ọjọ́ kejì ìyàwó yín wọ oko pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́ta nínú, ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹ̀yà ara ọmọ náà tán, ó já ewé náà, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ta ni yóò sọ fún un?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí a gbé wòròwó wá sí ilé. Ọ̀pá rẹ̀ ni a ń gbìn. Bí a bá gé e ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan àtààbọ̀, tí a sì ti ìdajì rẹ̀ bọ ilẹ̀ nígbà tí òjò bá ti dúró ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, yóò hù. Abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dára fún un, abẹ́ ọsàn dára, àti ẹ̀gbẹ́ ògiri tí oòrùn ọ̀sán kì í dé. Kí a má ṣe gbìn ín sí ojú ibi tí omi ọṣẹ balùwẹ̀ ń gbà.

Ní àyíká rẹ̀, níbi tí oòrùn wà, kí a kọ bẹ́ẹ̀dì kan tàbí méjì tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kí obìnrin lè na ọwọ́ dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ láìwọ inú rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ gbìn. Hóró rẹ̀ kéré bí iyanrìn, nítorí náà iyanrìn gbígbẹ ni a ń pò ó mọ́ kí ó má ba à dà sí ojú kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin a ti ń fà á. Ṣọkọ yòkòtò ń tẹ̀ lé e. Gbúre kò tilẹ̀ fẹ́ ìtọ́jú. Ẹ já ọ̀pá rẹ̀ sọ sí ilẹ̀ tútù, yóò dá ara rẹ̀ gbé dìde. Ewúro yẹ ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ìbẹ́pẹ kan ní igun. Obìnrin tí ó bá mọ̀ pé òun lóyún ní oṣù kejì, tí a sì gbìn ín fún un ní oṣù náà, yóò ti jẹ tẹ̀tẹ̀ inú ọgbà rẹ̀ ní àìmọye ìgbà kí ó tó bímọ, yóò sì tún rí i jẹ nígbà tí ó bá ń fún ọmọ lọ́mú.

Ta ni yóò kọ ilẹ̀ náà? Ẹ̀yin ọkọ ni. N kò wá síhìn-ín láti fi ọkọ́ lé aboyún lọ́wọ́. Ilẹ̀ kíkọ, omi rírù, igi ọgbà gígé, iṣẹ́ ọkọ àti àwọn ọmọkùnrin ilé ni. Ti aboyún ni kí ó gbin hóró, kí ó tu koríko díẹ̀, kí ó já ewé, kí ó sì máa na ara ní òwúrọ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù. Àwọn ìyá wa ní aboyún kì í rìn ní ọ̀sán gangan, wọ́n sì ń fi abẹ́rẹ́ há a láṣọ nítorí àwọn ẹ̀mí àìrí. Ní ti abẹ́rẹ́ náà, ẹ̀yin mọ ohun tí ẹni tí ń wọ kọ́là bí tèmi yóò wí. Ṣùgbọ́n ní ti oòrùn ọ̀sán, òótọ́ ni wọ́n sọ: ara aboyún gbóná ju ti ẹlòmíràn lọ, òòyì sì tètè ń kọ́ ọ.

Kí ó wọ bàtà pẹ̀lú. Aràn kéékèèké kan wà nínú ilẹ̀ tútù tí ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ ara. Inú ìfun ni ó ń gbé, ẹ̀jẹ̀ ni ó sì ń mu. Ẹ̀jẹ̀ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí ẹlòmíràn yóò sọnù tí yóò sì yè lè gba ẹ̀mí tirẹ̀. Ìgbẹ́ ológbò náà léwu. Kòkòrò àrùn tí ó wà nínú rẹ̀ a máa ṣe ọmọ inú ní ibi, nítorí náà kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ bí ó bá ti ọgbà dé, kí ó sì fọ ẹ̀fọ́ náà dáradára. Kí a má sì ṣe fi kẹ́ẹ̀gì tí oògùn kòkó ti gbé inú rẹ̀ rí pọn omi sí ọgbà, bí ó ti wù kí a ṣàn án tó.

Ẹ gbà mí láyè kí n wọ ilé ìdáná díẹ̀, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ibi tèmi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin wa ni ó ń bọ ẹ̀fọ́, tí wọ́n ń fún un, tí wọ́n sì ń da omi rẹ̀ nù. Omi tí a dà nù yẹn ni ó gbé púpọ̀ nínú ohun rere ewé náà lọ. Ti ewúro yé mi nítorí kíkorò. Ti tẹ̀tẹ̀ kò yé mi. Kí a gé e, kí a dà á sínú ọbẹ̀ tí ó ti ń hó, kí a tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí aboyún bá sì jẹ ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ tẹ̀ lé e, ara rẹ̀ yóò lè gba irin tí ó wà nínú ẹ̀fọ́ náà ju bí ìbá ti gbà á lọ. Ìgbín náà ní irin nínú, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń fi í du aboyún, pé ọmọ rẹ̀ yóò máa da itọ́. Ẹ̀yin ará, ọmọ wo ni kì í da itọ́ nígbà tí eyín bá ń hù? Bí a bá fọ̀ ọ́, tí a sè é jinná, ẹ jẹ́ kí ó jẹ ẹ́.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ sí ilé kí ó wí pé olùkọ́ ní ẹ̀fọ́ tó, kí a má lọ sí ọsibítù mọ́. Hóró oògùn irin àti fólíìkì tí wọ́n ń fún aboyún ní ilé ìwòsàn, kò sí bẹ́ẹ̀dì tẹ̀tẹ̀ kan tí ó lè gba ipò rẹ̀. Láti ọdún 2016 ni àjọ ìlera àgbáyé ti ń gbà wá ní ìmọ̀ràn pé kí aboyún rí oníṣẹ́ ìlera ní ìgbà mẹ́jọ, ó kéré tán, kí ó tó bímọ. Ìpínlẹ̀ wa yìí ti fi hàn rí pé a lè ṣe é: ní ọdún 2009 ni a bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní Ìfẹ́dọ̀rẹ́, ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́ sì ṣí ilẹ̀kùn. Ọgbà ń pèsè ara sílẹ̀. Ọsibítù ni ó ní ọ̀bẹ, ẹ̀jẹ̀ àti dókítà.

Mo wá kan iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn kan nínú wa kì í fẹ́ kí a pèsè ohunkóhun fún ọmọ tí a kò tíì bí. Mo mọ ibi tí ẹ̀rù náà ti wá: ìgbà tí àbíkú ń da ilé rú, ta ni yóò rán fìlà fún ọmọ tí kò mọ̀ bóyá yóò dúró? N kò fi ẹ̀rù yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nísinsìnyí. Ọjọ́ tí obìnrin bá ń rọbí gan-an ni a tó ń sáré kiri ọjà láti ra aṣọ ìnura àti fìlà ní ìlọ́po méjì iye rẹ̀, owó ọkọ̀ tí à bá fi gbé e lọ sí ọsibítù a sì ti tán. Bí ó bá ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é díẹ̀díẹ̀ láti oṣù karùn-ún, ọ̀já méjì, ìborùn kan, fìlà oníkọ́ tí a fi òwú hun, ìtẹ́dìí tí a gé láti ara aṣọ àtijọ́ tí ó ti rọ̀, kò ní ná an ní ohun púpọ̀. Owó náà yóò wà ní ìpamọ́. Ọ̀já tí a fi ọwọ́ ṣe sì ní agbára ju èyí tí ń bọ̀ láti òkè òkun lọ. Èyí tí mo rí ní ọjà lóṣù tí ó kọjá, ọmọ ọdún kan ni yóò fà á ya.

Kí ó jókòó dáradára bí ó ti ń ṣe é: àpótí tí ó ga tó, ohun tí ẹ̀hìn fi ń rọ̀gbọ̀kú, kí ó sì máa dìde rìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹsẹ̀ má ba à wú.

Iṣẹ́ ọwọ́ kan ni mo yọ sílẹ̀ fún aboyún, aró rírẹ ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn yóò wí pé ewé ẹ̀lú àti omi eérú ni àwọn aláró ń lò, kí ìgbàgbọ́ tó dé wọ́n sì ń bọ Ìyá Mọ̀pó lé e lórí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìkòkò aró òde òní kì í ṣe ti ìgbà náà. Sódà tí ń jó ọwọ́ ni wọ́n ń dà sí i, pẹ̀lú hydrosulphite tí òórùn rẹ̀ ń gún imú. Sódà náà kì í ṣe àlejò àná. Ní ọdún 1936 Aláké Adémọ́lá Kejì fi òfin dè é ní Abẹ́òkúta, òun àti aró òyìnbó, nítorí aṣọ àdìrẹ ń bàjẹ́ ní ọjà. Àwọn aláró kọ̀ jálẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì le títí ìjọba fi yan ìgbìmọ̀ ìwádìí. Orí aṣọ ni wọ́n jà sí nígbà náà. Orí ara ẹni tí ń rẹ aṣọ ni tèmi wà ní ìrọ̀lẹ́ òní. Kí aboyún hun aṣọ, kí ó rán an, kí ó ta iṣẹ́ ọnà sí i. Kí ẹlòmíràn rẹ ẹ́.

Ó ku ohun kan, ti ẹ̀yin olóyè ni. Gbogbo ohun tí mo ti sọ, ewúrẹ́ mẹ́ta lè jẹ ẹ́ tán ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ewúrẹ́ ń rìn kiri ní Òdòdé bí ẹni tí ó ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́, àwọn tí kò sì ṣeé lé jù ni àwọn tí a mọ̀ pé agbolé olóyè ni wọ́n ti wá. Obìnrin tálákà kò lè sọ òkò lù wọ́n. Bí olóyè kọ̀ọ̀kan tí ó wà níhìn-ín bá so tirẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí di ìgbà tí a bá fi igi yí àwọn ọgbà ká, àwọn ará ìlú yóò so tiwọn láìjẹ́ pé a lu agogo. Mo ti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sọ̀rọ̀. Ogún nínú wọn ti ṣe ìlérí láti wá gé igi ọgbà ní ọjọ́ Sátidé méjì fún ilé aboyún tí ọkọ rẹ̀ kò sí nílé, tàbí tí kò ní ọkọ.

Ní ti ọ̀pá wòròwó, ó wà ní ẹ̀hìnkùlé mi ní ọ̀pọ̀, kò sì tíì rí oògùn kòkó rí. Ẹni tí ó bá fẹ́, kí ó wá ní òwúrọ̀ Sátidé kí oòrùn tó mú, kí ó mú apẹ̀rẹ̀ àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù dání láti fi bò ó, nítorí bí ó bá rọ ní ojú ọ̀nà kò ní hù dáradára. N kò ní gba owó.